Èèrà Tí Wọ́n Gbé Kúrò Lójú Ọ̀nà

“Má mí sí i lára! Afẹ́fẹ́ imú rẹ á gbé e lọ.”

Ìyá bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lóṣòó lórí ilẹ̀ pupa tó gbóná bí agbada gaàrí, òórùn èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti kan sì gba gbogbo oko. Ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n, Ìlobù ni wọ́n lọ́kọ sí, oko wọn sì wà láàárín ìlú méjèèjì.

Èèrà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan là ń wò. Ó ti yà sídìí ẹ̀gẹ́, ó ti yà sídìí òkúta, ó ti padà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí èérún gaàrí tí a dà sílẹ̀, ó gbé e, kò sì tọ gbogbo kọ́lọkọ̀lọ yẹn mọ́. Tààrà ló já sẹ́nu ihò rẹ̀.

“Màmá, ta ló fọ̀nà hàn án?”

“Oòrùn ni. Èèrà náà sì ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.”

“Ṣé ó lọ síléèwé ni?”

“Kò lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń sọnù.”

Màmá fi ewé gbé èèrà mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èérún tirẹ̀, wọ́n gbé e lọ sídìí pèrègún tó jẹ́ ààlà oko wa. Lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ebè àkọ́kọ́, olóko Ìlobù àti olóko Ìfọ́n máa ń jùmọ̀ gbálẹ̀ ìdí pèrègún náà, wọ́n á sì pín iṣu sísè jẹ níbẹ̀. Èèrà náà bọ́ sílẹ̀, ó rìn gan-an bí ìgbà tí a kò gbé e kúrò, ó dúró. Kò sí ilé níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, èérún lẹ́nu.

Mo rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún na ewé sí i, wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti gbé e.

“Òun kọ́ ló ṣìnà. Ẹni tó gbé e ló jẹ̀bi.”

Lọ́dún kejì, ìjà ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì tún bẹ́. Àwọn géńdé tí n kò ní dárúkọ ìlú wọn, nítorí ìlú méjèèjì ló ní irú wọn, dáná sun ilé wa. Ìgbìmọ̀ alálàáfíà kan dé pẹ̀lú agbádá tó gan bíi páànù, àti ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní pèrègún kì í ṣe ẹ̀rí tó bágbà mu. Wọ́n hú u, wọ́n ri òpó kọnkéré mọ́ ibòmíràn pé òun ni ààlà tuntun, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò.

Bàbá mi gbé Màmá wá sí Òṣogbo. Láràárọ̀, Màmá á gbé agbọ̀n àti ọkọ́, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, oòrùn lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, bó ṣe máa ń wà lọ́nà oko. Mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n rìn láìwẹ̀yìn títí dé ara ògiri ilé epo kan, wọ́n dúró. Wọ́n yí po. Wọ́n tún yí po.

“Ìyá, ẹ kú ìrìn o,” ni ọmọbìnrin tó ń ta epo wí. “Ṣé kẹrosíìnì lẹ wá rà?”

“Oko mi ni mò ń wá.”

Ó kígbe sí ẹnìkejì rẹ̀: “Wá wò ó, wọ́n ní a ti gbé oko wọn mì!”

Nílé, mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká dá Màmá padà síbi tí ẹ ti gbé wọn.”

Tíṣà ni bàbá mi, wọ́n sì ń bẹ̀rù ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀. “Ìgbìmọ̀ ní ká ṣì ní sùúrù.”

Màmá ní sùúrù náà títí wọ́n fi kú, ọkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi fíìmù èèrà aṣálẹ̀ hàn wá: ó ń fi oòrùn mọ̀nà, ó ń fi ìṣísẹ̀ mọ bí ilé ti jìnnà tó, bí a bá sì gbé e síbòmíràn, á rìn dé ibi tí ilé ì bá wà, á máa yí po. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n tuntun. Èmi dìde, mo jáde.

Lóṣù tó kọjá, ìgbìmọ̀ mìíràn ní kí n wá bá àwọn kọ ìwé àlàáfíà, torí pé gírámà mi dùn. Mo bi alága pé ibo ni pèrègún wa wà.

“Ha, Madáàmù! Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn.”

Mo dá bíírò tí wọ́n fún mi padà fún wọn. Ewé kan péré ni ìyá bàbá mi fi dá èèrà padà, ìyá náà kò sì jẹ ìrẹsì ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe é. N kò tíì dárí ji ẹnì kankan nínú àwọn tó mọ ibi tí wọ́n ti gbé Màmá, tí wọn kò na ewé.