Òwú Dúdú Lójú Òsì Mi

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí òwú dúdú náà. Àárọ̀ ni, a ti kírun Àsùbáà tán, mo ti jókòó sídìí òfì lábẹ́ àtíbàbà bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn, òórùn aró ṣì ń bọ̀ lára òwú tí a nà sílẹ̀ gbọọrọ níwájú mi. Ohun tínínrín kan kọjá lójú òsì mi láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo fọwọ́ gbá a dànù, kò lọ. Ẹni tó bá hun aṣọ pẹ́ mọ̀ pé kò síbi tí èérún òwú kì í wọ̀: ó ń wọ imú, ó ń wọ irùngbọ̀n, ó ń wọ inú ọbẹ̀ pàápàá. Nítorí náà mi ò kà á sí nǹkan kan. Mo bu omi bọ́jú, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ẹlòmíràn ìbá ti gbé ojú rẹ̀ tọ dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ahunṣọ ni mí, mo ń retí òwú tí yóò jábọ́ lójú mi.

Lásìkò yẹn, òkìkí mi ti kọjá Ìṣẹ́yìn. Èmi ni mo gba bẹ́líìtì orílẹ̀-èdè yìí nínú ìjà tí a ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ jà, èyí tí wọ́n ń pè ní kíkìbọ́síìnì, mo sì ti dáàbò bo bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí àwọn oníròyìn bá bi mí pé níbo ni mo ti rí ẹsẹ̀ tó le báyìí, màá ní ìdí òfì ni, torí pé láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ òfì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, mo sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe wáàsí. Ọjọ́ tí bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní tó bá jẹ́ pé òfì ni, gbogbo Ìṣẹ́yìn ni ì bá ti máa ta ara wọn nípàá.

Bẹ́líìtì kan kò tó mi. Mo rò pé ẹni tó bá mọ ìjà kan ti mọ gbogbo ìjà nìyẹn. Mo kọ́kọ́ lọ sídìí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, níbi tí ẹsẹ̀ kò ti gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Nínú ìjà mi kejì, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi dìde fúnra rẹ̀, ó bá alátakò mi ní ìhà, rẹfirí sì lé mi kúrò kí n tó rí ẹnu bẹ̀bẹ̀. Mo tún lọ ja ìjàkadì ní Ṣakí nígbà ọdún Iléyá. Àgbẹ̀ oníṣu kan tó wá láti Àgọ́-Àrẹ, tí kò wọ bàtà, tó sì jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, gbé mi sókè, ó fi ẹ̀yìn mi lélẹ̀, ó sì kí mi kú ọdún. Lẹ́yìn náà ni mo wá bọ́ sínú ìjà àdàpọ̀, èyí tí wọ́n ń jà nínú àhámọ́ onírin. Ìyá mi kì í pe àhámọ́ yẹn ní nǹkan mìíràn ju àgò lọ. Á ní, "Ṣé o tún ń lọ sínú àgò adìẹ yín?" Lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, kì í béèrè ẹni tó borí. Ohun tó máa ń béèrè lórí fóònù ni pé, "Eyín ńkọ́? Ṣé ó pé?" Nínú ìjà kẹta tí mo jà nínú àgò náà, àtàǹpàkò ẹni tí mò ń bá jà wọ̀ mí lójú òsì. Mo borí. Mo sọ fún ìyá mi pé eyín mi pé, òótọ́ sì ni mo sọ.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn èyí tí òwú dúdú fi dé. Ó di méjì, ó di mẹ́rin. Nígbà tó yá, ìmọ́lẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà létí ojú náà, àgàgà tí mo bá yí orí lójijì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù kí n jà fún bẹ́líìtì gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kíkìbọ́síìnì tèmi gan-an ni, kì í ṣe àgò, kì í ṣe ìjàkadì. Wọn yóò gbé ìjà náà sáfẹ́fẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni yóò bá mi jà, àwọn aládùúgbò wa sì ti ń sọ ilé ẹni tí wọn yóò ti wò ó. Mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo mọ̀ pé tí bẹ́líìtì yẹn bá fò mí, kò tún ní padà wá.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé kí ni ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn rí òwú àti mànàmáná lójú kan. Ìdáhùn tó jáde gùn, ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú rẹ̀ pé "ìfọ́jú". Mo pa fóònù náà, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni pé òun ló ń ṣe ojú mi. Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò wọ ẹnu mi mọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa níjà, sójà tó ti fẹ̀yìntì, rò pé mò ń dín ara kù nítorí ìwọ̀n ni, ó sì yìn mí. Tí mo bá ṣe àlùwàlá, mo máa ń pa ojú ọ̀tún dé díẹ̀ kí n fi òsì wo ọwọ́ mi, kí n mọ̀ bóyá ó ti burú ju ti àná lọ. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni mò ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Nígbà tí wọ́n mú wa lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera fún ìjà náà, mo ti há àwọn lẹ́tà tó wà lára pátákó dókítà sórí nígbà tí ẹlòmíràn ń kà wọ́n níwájú mi. Wọ́n bo ojú ọ̀tún mi, mo kà wọ́n láìṣi ọ̀kan. Dókítà náà ní ojú mi dára, inú mi sì dùn sí irọ́ tí mo fúnra mi pa.

Nígbà tó yá, òjìji kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bo ojú náà láti ẹ̀gbẹ́ òsì, bí aṣọ fèrèsé tí ẹnì kan ń fà díẹ̀díẹ̀. Tí a bá ń sáré gun òkè Adó-Àwáyè lọ síbi adágún tó wà lórí rẹ̀, mo máa ń wà níkẹyìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i tí mò ń fẹsẹ̀ kọ òkúta. Mo ní òógùn ló ń wọ̀ mí lójú. Bàbá mi náà bi mí lẹ́ẹ̀kan péré, nídìí òfì, láìgbé ojú sókè.

"Ojú rẹ yẹn, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o, Bàbá. Òwú ló wọ̀ ọ́."

"Òwú," ni ó wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ó tètè gbà. Bàbá mi kì í tètè gba nǹkan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a jà nígbà tó wá sí ibi ìdárayá wa. Gbọ̀ngàn àtijọ́ kan ni, wọ́n ti ń kó ewé tábà pamọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bàbá mi kò sì tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí. Ìrọ̀lẹ́ ni. Mo ń ta àpò ìdárayá tí a so rọ̀ nípàá lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn yòókù ń kí ẹnì kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, aṣọ òfì kan tí a ká sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ aṣọ náà. Èmi ni mo hun ún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá," ni ó wí. Ó tú aṣọ náà sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo etí òsì rẹ̀."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Bàbá, mi ò mọ̀ nípa aṣọ híhun o. Aṣọ tó dára ni mo rí. Kí ló ṣe é?"

"Ó fo òwú. Ó fò ó níbí, ó tún fò ó lọ́hùn-ún. Apá òsì nìkan ni. Ọmọ yìí ò fo òwú rí látọjọ́ tí mo ti gbé e sídìí òfì. Ẹ má wo ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ mọ́, Ọ̀gá. Ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá mi wò."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé oorun ló kùn mí lọ́jọ́ tí mo hun ún. Ọ̀gá ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ ìjà rẹ̀. Ó ní kí n dúró, kí n máa wo bàbá mi láìmi orí. Mo ń wò ó. Ó dojú kọ ilẹ̀, kò fẹ́ kí ojú wa pàdé. Mo dúró títí, mo ń retí ohun tí Ọ̀gá fẹ́ ṣe, kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì mi gan-an pé, "Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti wà níbí." Nígbà tí mo yí orí, ìbọ̀wọ́ ìjà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, ó ní ìjà ti parí.

Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà obìnrin tó tọ́jú mi kò le, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú mi ti ya kúrò ní ààyè rẹ̀, pé ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo sí i ni ì bá parí rẹ̀ pátápátá. Ó ní òun yóò gba èyí tí òun bá lè gbà là nínú ìríran rẹ̀. Ó wá ní, "Ká ní ẹ wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni, ì bá yàtọ̀." Bàbá mi wà nínú yàrá náà. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fún un mọ́wọ́. Mo rò pé èmi ló ń bínú sí.

Èmi náà bínú sí i, n kò ní parọ́. Ẹlòmíràn gba bẹ́líìtì yẹn, mo sì wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú ojú kan. Ó tó ọdún méjì tí ìkíni nìkan fi wà láàárín èmi àti bàbá mi. Mo ń kí i láàárọ̀, mo ń jókòó sídìí òfì mi, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé ó lè bá mi sọ ọ́ nílé, kò yẹ kó tú àṣírí mi níwájú gbogbo ènìyàn. Mo gbàgbé pé ó ti bi mí nílé, èmi ló sì fi òwú dá a lóhùn.

Ojú òsì mi kò padà sí bó ṣe wà. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ díẹ̀, tí ènìyàn bá kọjá níbẹ̀, mo ń mọ̀ pé ènìyàn ni. Mo ṣì ń hun aṣọ, ìka mi ló ń bá mi ka òwú etí òsì. Ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ń wá okùn nínú àpótí bàbá mi nígbà tí mo kan aṣọ òfì mẹ́ta tí a ká pọ̀. Iṣẹ́ mi ni wọ́n. Mo tẹ́ wọn sórí itan mi, mo fi ìka tọ etí òsì wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló fo òwú. Àwọ̀ tí a ń hun ní ọ̀sẹ̀ tí òjìji náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú mi ló wà lára èyí tó pẹ́ jù nínú wọn. Aṣọ tó gbé lọ bá Ọ̀gá kọ́ ni àkọ́kọ́. Ìkẹrin ni.

Mo gbé wọn lọ bá a. Ó ti darúgbó, iṣẹ́ díẹ̀ ló kù tó lè ṣe. Ó wò wọ́n pẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni ó wí. "Mo ti mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí mo bá ti rí aṣọ tó fo òwú, màá gbé e pamọ́, màá hun òmíràn dípò rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè sọ, Bàbá?"

"Mo ti sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé ọmọ mi máa gbà á." Ó fọwọ́ ra etí aṣọ náà. "Èmi náà fẹ́ bẹ́líìtì yẹn."

Omi bọ́ lójú mi, láti inú ojú méjèèjì. Gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé èmi nìkan ló ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Mo ká àwọn aṣọ náà padà, mo sì gbé àga rẹ̀ wá sídìí òfì mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo gbé e sí, níbi tí mo ti ń rí i. Ibẹ̀ náà ló ń jókòó sí láràárọ̀ báyìí, tí mo bá sì dé etí òsì aṣọ, á na ọwọ́ kọjá níwájú mi, á fi ìka rẹ̀ tọ òwú náà pẹ̀lú tèmi.