Ọ̀dà Tí Wọ́n Tẹ́ Sórí Oko Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré nítòsí Wásinmi, bí ẹ bá béèrè oko wa lọ́wọ́ mi, ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí ni màá júwe fún yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ gbọ́njú nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn mọ̀ pé kò sí ohun tí ojú ò rí láyé ìgbà náà. Kọ́ńgílá olówó kan láti Abẹ́òkúta ló ní ó tó gẹ́ẹ́ kí ọmọ Ẹ̀gbá máa lọ sí Èkó kó tó wọ bàálù. Ó bá àwọn àgbà ilé wa sọ ọ́, wọ́n gbà, ni katapílà bá dé, ó wó igi obì àti ẹ̀gẹ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, lulẹ̀. Wọ́n gba bàbá mi síṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì rán kákí fún un.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kó máa gé koríko, kó sì máa lé èèyàn àti ewúrẹ́ kúrò lórí títì gbọọrọ tí bàálù ń sá lé. Bàálù kékeré ni. Ọjọ́ Ajé ló ń gbé èrò lọ sí Kàdúná, ọjọ́ Ẹtì ló ń kó wọn bọ̀. Àwa ọmọdé a máa juwọ́ sí i, a máa pariwo pé kó ra búrẹ́dì bọ̀ fún wa, bí ẹni pé awakọ̀ rẹ̀ ń gbọ́.

Láwọn ọjọ́ yòókù, Ìyá Àgbà ló ni títì. Níbo lèèyàn á tún ti rí ibi tó tẹ́jú tó sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ láti sá láfún? Òun tó ń ta ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń rà á. Èmi ni mo ń bá a ru ẹ̀gẹ́ rírẹ, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára mi. Nílé ìwé, ẹni tó bá jókòó tì mí á ti yínmú. A óò fọ́n láfún funfun sórí ọ̀dà dúdú, màá máa fọwọ́ yí i, ilẹ̀ á máa jó mi lẹ́sẹ̀. Bí mo bá lọ ta òkòtó tí ewúrẹ́ fi débẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni, kí n sì na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sá láfún lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ló máa nàka sí ìyá rẹ̀ pé kó kúrò níbẹ̀? Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kákí, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màámi, bàálù ń bọ̀." Ìyá Àgbà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, lẹ́yìn náà á palẹ̀ mọ́. Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín gan-an.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, olówó yẹn fúnra rẹ̀ wà nínú bàálù. Ìyá Àgbà sá láfún tán, ó gbé àpótí sáàárín títì, ó jókòó. Ó ní, "Àkànní, sọ fún ọ̀gá rẹ pé oko mi ni mo wà." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Bàálù dé, ó ń yí lókè, kò ríbi balẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń pariwo pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Mo bú sẹ́kún. Bàbá mi ní, "Màámi, bí ẹ ò bá dìde, èmi náà ò ní dìde."

Ìyá Àgbà wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ títí. Ó ní, "Dìde. Ọ̀dà á jó ọ láyà." Kò kó láfún kankan. Ó fà mí lọ́wọ́, a lọ, bàálù sì balẹ̀ lé láfún náà lórí, eruku funfun gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ìyá Àgbà ò tún débẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tí èrò ń dín kù, títí bàálù ò fi wá mọ́ rárá. Bàbá mi ṣì ń wọ kákí, ó ń gé koríko, títí kákí fi gbó mọ́ ọn lára. Ìgbà tó wá gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀, Ìyá Àgbà ti ṣaláìsí. Ọ̀dà ò gba ọkọ́. Ó padà wálé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Mo dọ̀bálẹ̀ lé ìyá mi kúrò lóko, nítorí ohun tí kò dúró."

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá gba oko rẹ̀ á gbọ́ ọ láti ẹnu àgbà ilé rẹ̀, ó kéré tán. Nísinsìnyí, orí fóònù la ti ń gbọ́ ọ. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ilé wa fi fóònù pè wá jọ, wọ́n ní olówó kan tún fẹ́ ṣe nǹkan ńlá sórí ilẹ̀ wa tó kù, gbogbo ọmọ ló máa ríṣẹ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Eékún ń dùn mí, ó sì rẹ̀ mí, mi ò lè jiyàn. Mo kàn béèrè ẹni tó ń dáko níbẹ̀.

Ìyàwó ilé kan tó pọnmọ dìde lẹ́yìn pátápátá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Èmi ni, mà."