Ọmọ Tí Yìnyín Ò Gbé Ṣubú

Ṣé Ọlọ́run a máa gba ọpẹ́ tí irọ́ wà nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń dúpẹ́ ò bá mọ̀ pé irọ́ ni? Mo ti bi ara mi lórí ìkúnlẹ̀, mo ti bi í nínú mọ́tò, mi ò tíì rí ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ Ìrẹ̀mídé ló gbé ìbéèrè náà kà mí láyà.

Nọ́ọ̀sì ni Ìrẹ̀mídé. Bódìjà ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sì wà nínú ilé náà títí dòní. Kánádà ni Ìrẹ̀mídé ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kékeré kan tí òkè yí ká, níbi tí yìnyín ti máa ń bo títì láti ìgbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ níbí títí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀. Lọ́dún tó kọ́kọ́ débẹ̀, yìnyín pọ̀ débi pé bọ́ọ̀sì ò wá mọ́, bẹ́ẹ̀ orí òkè ni ọsibítù wà. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ kan yá a ní kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n gbá ìṣó kéékèèké mọ́ táyà rẹ̀ kó má baà yọ̀. Ìrẹ̀mídé fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Nílé tó ti wá, táyà ń sá fún ìṣó ni, inú fọganáísà sì ń dùn tí ìṣó bá gún táyà. Lọ́hùn-ún, owó ni wọ́n fi ń ra ìṣó sí táyà!

Ṣùgbọ́n ó gùn ún. Ó fi ẹkún gùn ún ní ìbẹ̀rẹ̀, omijé ń dì sí i ní ìpéǹpéjú. Nígbà tó yá, ó rí i pé lórí òkè yẹn, tí gbogbo nǹkan funfun, tí kò sí ariwo kankan àfi èémí òun àti yìnyín tó ń rún lábẹ́ táyà, àdúrà máa ń jáde lẹ́nu òun láìjẹ́ pé òun wá a lọ. Ó ní òun ò gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn mí, èmi ará ìjọ wọn, nígbà tó sọ ọ́, àmọ́ ó sọ ọ́.

Ìrìn àjò kan wà níbẹ̀ lóṣù Fébúárì. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ a gba orí òkè kọjá nínú yìnyín, láti ìlú kan dé ìkejì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá bèèrè ni wọ́n ń mú. Ìrẹ̀mídé bèèrè, wọn ò mú un. Ó tún bèèrè, wọn ò mú un. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n mú un. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbé kẹ̀kẹ́ tó ti fowó ara rẹ̀ rà sínú bàálù wá sílé ṣọdún Kérésì, kí ẹsẹ̀ òun má baà gbàgbé iṣẹ́.

"Kí nìyí?" ni ìyá rẹ̀ wí, bó ṣe ń tú u jáde nínú páálí ní pálọ̀.

"Kẹ̀kẹ́ mi ni, Mọ́mì."

"Ìwọ lo máa gùn ún? Nínú Bódìjà yìí? Mọ́tò ńkọ́?"

"Mo ní mọ́tò lọ́hùn-ún, Mọ́mì. Eléyìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"Ẹni tó ní mọ́tò tó wá ń gun kẹ̀kẹ́! Bí mo bá lá a lójú oorun, ilẹ̀ ò ní mọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ìwọ wá gbé e wọlé wá bá mi lójú korokoro."

Kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe. Nínú ìjọ wa, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá rí ara rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lójú àlá, ìfàsẹ́yìn ló ń bọ̀. Èmi náà ti gbàdúrà lé irú àlá bẹ́ẹ̀ lọ rí, tọkàntọkàn.

Láràárọ̀ nínú ọyẹ́, Ìrẹ̀mídé á dé akoto, á kúrò ní Bódìjà, á gba Mọ́kọ́lá sọ̀kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, á gba Ring Road yọ sí Challenge kó tó padà. Àwọn ọlọ́kadà ti mọ̀ ọ́n. Nasir, tó máa ń dúró sí Mọ́kọ́lá, ni ẹnu rẹ̀ mú jù.

"Àǹtí òyìnbó! Ẹ́ńjìnnì yín dà? Àbí wọ́n ti jí i?"

"Ẹsẹ̀ mi ni ẹ́ńjìnnì. Ìwọ máa tò fún epo lọ!"

"Ẹ ṣáà má sáré jù mí o. Bí ìyàwó mi bá gbọ́, mo gbé!"

Àwọn aládùúgbò ìyá rẹ̀ ni tiwọn ò ṣe é fi ṣẹ̀rín. "Ọmọ yín tó ti òkè òkun dé náà la rí lórí kẹ̀kẹ́ yẹn? Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ẹ pẹ̀lẹ́ yẹn ló ń gún obìnrin náà lọ́kàn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, kí ọmọ tó jí, ó mú ìgò òróró àdúrà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta òróró sí kẹ̀kẹ́ náà láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀, ó ń bẹ Olúwa pé kó pa ọmọ òun mọ́. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Èmi mọ obìnrin náà.

Ara ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn, irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí bíréèkì máa ń fún mọ́. Bí òróró bá kàn án, ó parí. Bí ọwọ́ ṣe ń di ẹja àrọ̀ mú ni bíréèkì á ṣe máa dì í mú.

Títì dá páropáro láàárọ̀ yẹn, Ìrẹ̀mídé ò sì nídìí láti tẹ bíréèkì títí tó fi dé ìsọ̀kalẹ̀ Mọ́kọ́lá. Bọ́ọ̀sì kan dúró lójijì níwájú rẹ̀ láti gbé èrò. Ó tẹ bíréèkì, kò rí nǹkan kan. Ó tún fi gbogbo agbára fún un, kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ó pariwo, ó yà á sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì kó sínú òkìtì yanrìn tí àwọn tó ń kọ́lé dà síbẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ó gbọ́ bí egungun ṣe dá.

Nasir ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Àǹtí! Àǹtí, ẹ dáhùn! Ṣé mi ò ní kí ẹ má sáré ni?"

Òórùn kan ń wá láti ara ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ṣì ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Ìrẹ̀mídé. Ó mọ òórùn náà. Òróró àdúrà tí ìyá rẹ̀ fi pa á níwájú orí lálẹ́ ọjọ́ tó dé ni. Ìbínú tó gbé e nígbà yẹn, ó ní ó ju ìrora lọ. Òun tí òun ti sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tí yìnyín bò, tí ọ̀gbun là kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òun ò ṣubú rí! Eruku Mọ́kọ́lá ló wá ń jẹ, nítorí àdúrà.

Ní ọsibítù, dókítà ní wọn ò ní tú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi di ọwọ́ náà títí di oṣù Máàṣì. Ìrìn àjò Fébúárì ti lọ nìyẹn. Bí dókítà ṣe ń jáde ni ìyá rẹ̀ ń fi ijó wọlé.

"Òróró yẹn ṣiṣẹ́! Ìrẹ̀mídé, òróró yẹn ṣiṣẹ́! Mo fi sí kẹ̀kẹ́ yẹn kí o tó jí. Bí kì í bá ṣe òróró yẹn, òkú là bá máa gbé. Wò ó, ọwọ́ lásán ni!"

Ọwọ́ lásán. Ìrẹ̀mídé kọjú sí ògiri.

Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rí jíjẹ́ nínú ìjọ wa. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún mi pé òun máa jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, àti pé ọmọ òun á bá òun jáde. Mo wá lọ kí ọmọ náà nílé. Mo ní, "Ọlọ́run ló yọ ẹ́ o."

"Bàbá Ẹwàolúwa, ẹ jókòó," ló wí. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó dákẹ́, mo wá ọ̀rọ̀ ìtùnú. Mo ní, "Bóyá Ọlọ́run ló mọ̀ pé o máa ṣubú, tó sì gbé yanrìn síbẹ̀ dè ẹ́."

"Àwọn bíríkìlà ló kó o síbẹ̀, sà. Ṣé ká lọ jẹ́rìí fún wọn?"

Mo yára yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà láti kékeré.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún Mọ́mì rẹ?"

"Inú ń bí mi sí wọn débi pé oúnjẹ wọn ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo ti fẹ́ sọ ọ́, mo ti fẹ́ pariwo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn ni wọ́n dá mi lọ́wọ́, wọn ò ní lè gbàdúrà mọ́. Látìgbà tí Dádì ti kú, kí ló tún kù fún wọn?" Ó nu ojú, ó tún le koko. "Àmọ́ mi ò lè dúró níwájú ìjọ kí n ṣe Àmín sí i. Mi ò lè ṣe é. Màá bú wọn lójú gbogbo ayé."

Ìyá rẹ̀ ń kọrin ìyìn nínú kíṣínì. Ìrẹ̀mídé rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ bá mi fò wọ́n dá lọ́jọ́ Ìsinmi, sà. Ẹ ní àyè ti kún. Ẹ ní Pásítọ̀ ló ní kí ẹ̀rí mọ níwọ̀n. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ẹwàolúwa, ẹ bá mi purọ́ fún màmá mi."