Ìkòkò Irin Tó Pa Morónikẹ́ Láoyè, àti Òṣíbàtà Tó Kú Tẹ̀lé E

Morónikẹ́ Láoyè ti kú. Wọ́n ní ìjàǹbá ni. Irọ́ ni! Ìkòkò irin tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ ló bú gbàmù lé e láyà, ní ilé ìwádìí ewéko kan lẹ́yìn Ẹ̀rúnmu. Bí ènìyàn bá rí ejò lórí ẹní, tó ní kí ẹlòmíràn lọ sùn síbẹ̀, ṣé ìjàǹbá là ń pe ìyẹn?

Ilé-ìwé kan náà la jọ lọ. Bí a bá ń ṣeré, ẹ̀bá omi lẹ ó ti bá Morónikẹ́, tó ká yẹ́rì sókè orúnkún, tó ń wo ewé. Nígbà tó dàgbà, ó sọ ọ́ di iṣẹ́. Òṣíbàtà kékeré kan wà tó jẹ́ pé odò kan ṣoṣo ló kù tó ti ń hù, òdòdó rẹ̀ dà bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn. Àwọn tó ń wa yanrìn ti gbẹ́ odò náà dé egungun. Oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko lóko sì ń ṣàn wọ̀ ọ́. Ìyá Ọ̀ṣunlọlá, àgbà olórìṣà tó ń tọ́jú ojúbọ etí odò yẹn, ló fa ìdí òṣíbàtà tó ṣẹ́kù lé e lọ́wọ́.

"Ìyá wa, ṣé kò ní dùn yín pé mo mú un lọ?"

"Máa mú un lọ, ọmọ mi. Bó bá dúró síbí, ojú mi ni yóò kú sí. Ṣùgbọ́n kí o dá a padà o."

Ó gé e wẹ́wẹ́, ó gbìn ín sínú ìgò tí oúnjẹ ewéko inú rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ tútù. Bí ìdọ̀tí bíńtín bá wọ ìgò yẹn, gbogbo rẹ̀ yóò bu. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ooru líle pa kòkòrò ara ìgò àti oúnjẹ náà nínú ìkòkò irin tó ń dé pinpin.

Mo lọ kí i nígbà ọyẹ́. "Wò ó, wọ́n ti ta gbòǹgbò," ló ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín bí abiyamọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Morónikẹ́ tì mí sẹ́yìn.

"Ọmọrí rẹ̀ kì í dé dáadáa mọ́. Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu mi ti bó."

Gbọ́njúbọ́lá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tẹ̀lé e lọ bá Ọ̀gá Oyèbánjí, olórí ilé ìwádìí náà, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbọ́ èsì náà létí ara rẹ̀: "Dókítà, àlejò ń bọ̀ láti Àbújá. Ṣé òfìfo ìgò la ó fi hàn wọ́n? Ẹ mú un mọ́ra."

Morónikẹ́ mú un mọ́ra. Oúnjẹ inú ìgò ti ń tán, àwọn ewé náà ti ń pọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó ní kí gbogbo wọn bọ́ síta kó tó tan iná sí ìkòkò. Gbọ́njúbọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kan ìta ni ilé mì tìtì.

Kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn? Wọ́n pa iná mànàmáná ilé náà, wọ́n fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Gbọ́njúbọ́lá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó àwọn ìgò jáde. Wọ́n ní ó dìgbà tí olùwádìí bá dé. Olùwádìí wo? Ẹnikẹ́ni kò dé. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, omi dúdú tó ń rùn ló kù nínú àwọn ìgò náà.

Níbi ìsìnkú, Oyèbánjí gbé gbohùngbohùn, ó ṣàdúrà fáwọn ọmọ olóògbé: "Òṣíbàtà ní í lékè odò!" Àmín ròkè lálá. Òṣíbàtà wo, Ọ̀gá? Èyí tó ń jẹrà lẹ́yìn àgádágodo yín?

Ìyá Ọ̀ṣunlọlá bi mí pé, "Ewé mi dà?"

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Wọ́n ti ní kí ajórin jó ìkòkò náà pọ̀, wọ́n sì ti ń lò ó padà. Mo rí èéfín rẹ̀ lójú fèrèsé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Olúwakẹ́mi, ọmọge tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ló dúró tì í.

Kí wọ́n gbé irin yẹn jù sẹ́yìn odi lónìí. Kí Oyèbánjí àti gbogbo ẹni tó gbọ́ tó dákẹ́ wá rojọ́ níwájú adájọ́, lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá sì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn pé ìjàǹbá ni, kí Olúwakẹ́mi bọ́ síta, kí àwọn fúnra wọn wọlé lọ tan iná sí i.