Ìgò Omi Màmá Motọ́lání

Nínú ilé tí a jọ háyà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò sẹ́ni tó máa gbé oúnjẹ fún Màmá Motọ́lání tí kò ní kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Télọ̀ ni Màmá, opó sì ni. Ìfura loògùn àgbà, òun ni yóò wí. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá pọ̀ jù, ó lè pa aláìsàn.

Oògùn yìí ló lé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ kí Motọ́lání nílé ọkọ ní Yaba, ó ní àfi kí ọkọ ọmọ òun tọ́ ọbẹ̀ wò kóun tó jẹun, lójú àwọn àna. Ojú ti Motọ́lání débi pé kò wá sílé mọ́, kò sì gbé fóònù ìyá rẹ̀ mọ́.

Nítorí ọmọ yìí ni Màmá ṣe ní kí n sin òun lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní Èbúté Mẹ́ta. Ọdọọdún làwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá fa omi kànga ibẹ̀. Màmá máa ń mú Motọ́lání lọ nígbà tó wà ní kékeré. Béèyàn bá ti pọnmi tán, yóò gbé ìgò rẹ̀ síwájú pẹpẹ, kí àlùfáà gbàdúrà sí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

“Ṣìmí, wọ́n máa pààrọ̀ tèmi,” ni Màmá sọ sí mi létí. “Wo ọkùnrin yẹn. Kí ló ń wò lára ìgò mi?”

“Màmá, tiẹ̀ ló ń wá.”

Màmá fa àjákù aṣọ àlùkò yọ, èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ tó rán fún ara rẹ̀ àti Motọ́lání nígbà ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ó so ó mọ́ ọrùn ìgò bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà àdúrà, ojú kan ló dì, ó ń fi èkejì ṣọ́ ìgò.

A ò tíì ṣe àmín tán tó fi sáré síwájú. Ìgò méjì ló bá tó ní àjákù àlùkò lọ́rùn.

“Olè! Wọ́n ti jí àmì mi! Wọ́n fẹ́ gba àdúrà mi lọ!”

Ojú gbà mí tì. Obìnrin kan nawọ́ sí ọ̀kan nínú ìgò náà, Màmá sì gbá a lọ́wọ́ mú.

“Màmá, tèmi nìyẹn,” ni obìnrin náà wí. “Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa so ó.”

Motọ́lání ni. Màmá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Motọ́lání ṣí ìgò rẹ̀. Ó fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ omi náà wò kó tó gbé e fún ìyá rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Kó tó gbé e kan ẹnu, Màmá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e mu, kò tiẹ̀ wo inú ìgò.