Ọwọ́-ò-dilẹ̀ Fẹ́ Lọ Wo Ọkọ̀ Àtijọ́

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí èèyàn bá gbé ohun tó ní nọ́ọ̀tì lára kọjá níwájú bàbá mẹkáníìkì yìí, àfi kó yára. Bàbá ò jalè, kò sì jà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbélé. Aago tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, yóò tú u wò. Ilẹ̀kùn tí kò dún, yóò tẹ́tí sí i títí yóò fi rí ibi tó ti fẹ́ dún. Ọwọ́-ò-dilẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, nígbà tó sì fa ọgbà mẹkáníìkì lé wọn lọ́wọ́ tán, ó kó orúkọ náà wálé.

Ẹ má tíì bú u o. Ọwọ́ yẹn ló fẹ́yàwó fún un. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ṣòkòtò rẹ̀ ya lórúnkún, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin aránṣọ kan. Ọmọbìnrin náà yíjú láti wá òwú tó bá a mu. Ìgbà tí yóò yíjú padà, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti di wẹ́wẹ́ lórí tábìlì. Ọmọbìnrin náà fa àlùmọ́gàjí yọ. “Ta ló rán ẹ níṣẹ́?” Ọmọkùnrin náà ń fepo sí i, ó ń tò ó padà. Nígbà tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tó ti ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn wá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n rán ṣòkòtò náà fún un. Ọmọbìnrin náà ni ìyàwó rẹ̀ títí dòní, kò sì tíì fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí bàbá ń fẹ́ láyé: kó fojú ara rẹ̀ rí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Òun ni ọkọ̀ tó kọ́kọ́ rà, òun ló sì fi gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wálé láti ọsibítù. “Ọkọ̀ yìí mọ ilé mi látòkè délẹ̀,” ló máa ń wí, “èmi ò mọ ilé tiwọn.” Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn-àjò, gbọ́ ọ títí, àánú bàbá ṣe é. Ó ṣètò ìrìn-àjò lọ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ méjì, ó fi mùsíọ́mù mẹ́ta tí wọ́n kó ọkọ̀ àtijọ́ sí lé e. Ni bàbá bá lẹ máàpù mọ́ ògiri pálọ̀, ó sì fi pẹ́ńsù pupa fa ọ̀nà náà láti ibùdókọ̀ ojú irin dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ náà. Ìyá náà ti rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ.

Wàhálà ibẹ̀ kò ju ọwọ́ lọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ yìí kan náà mú bàbá lọ sí gbọ̀ngàn kan nígboro tí wọ́n pàtẹ ọkọ̀ àtijọ́ sí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí ọmọ tó ra omi dé, bàbá ti gba abẹ́ okùn tí wọ́n ta yí ọkọ̀ kan ká kọjá, ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí rẹ̀ ti wọnú ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ ọ jáde. “Nọ́ọ̀tì kan ló dẹ̀!” ni bàbá ń pariwo. “Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́!”

Ọmọ ò gbàgbé ìtìjú ọjọ́ náà. Ó pe bàbá lórí fóònù.

“Bàbá, mi ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì o. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ máa yí ọkọ̀ yín po lójú mi, tọ́wọ́ yín bá fi lè kàn án, a ò lọ mọ́ nìyẹn.”

Inú bàbá bàjẹ́. Kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ìyá ló gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Ó tú okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ó ta á yí ọkọ̀ ká, ó gbé àga tì í, ó mú rúlà aránṣọ rẹ̀ dání, ó di ẹ̀ṣọ́.

Bàbá ò tíì dé ibi iná ẹ̀yìn tí rúlà fi bà á lọ́wọ́.

“Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ jáde!”

“Ìyá àwọn ọmọ, ọkọ̀ mi mà ni.”

“Tiyín ni nílé. Níbi tí à ń lọ, ọkọ̀ oníǹkan ni.”

Lọ́jọ́ kejì, ó kó ọwọ́ sápò, ó wá ń fi orúnkún ti ilẹ̀kùn wò. “Orúnkún náà ti di mẹkáníìkì?” ni ìyá bi í. Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀, bàbá ń làágùn, ìyá ń fi rúlà halẹ̀, títí ó fi yí ọkọ̀ náà po láì fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó di Sátidé, ọmọ dé, ìkà ló sì bá wá. Ó tú nọ́ọ̀tì jígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà díẹ̀, jígí ń mì dirodiro. Bàbá rí i. Ó dúró. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó gbé ojú sókè, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra kọjá. Ọmọ pàtẹ́wọ́. “Ìyá wa, ẹ wá wo ọkọ yín o!”

Ìyá ò sí lórí àga. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: ẹ̀ṣọ́ ti gba abẹ́ okùn kọjá, ó ti wọnú ọkọ̀ dé ìbàdí, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń rán ìjókòó tó ya.

“Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ Mọ́ńdè,” ni ìyá wí. “Ara mi ò gbà á mọ́.”

“Yéè! Ẹ̀yin náà!” Ọmọ ká ọwọ́ lérí. Ó ti ń ti fóònù tó fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì padà sínú báàgì. “Mi ò lè ṣọ́ ẹni méjì. A ò lọ mọ́.”

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo aṣọ ìrìn-àjò tí ìyá gbé kọ́ ojú fèrèsé. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyá mú ṣinṣin.

“Báyìí la ó ṣe rìn. Tí mo bá di tiẹ̀ mú, tó di tèmi mú, ọwọ́ wo ló máa tú nǹkan?”

“Ọwọ́ kejì ńkọ́?” ni ọmọ bi í.

“Báàgì la ó fi gbé,” ni ìyá dáhùn.

Wọ́n tún yí ọkọ̀ náà po, báàgì lọ́tùn-ún, báàgì lósì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà, kò rí i rí kí àwọn òbí rẹ̀ di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ó dúró, ó ń wò wọ́n, omi lé sí i lójú. Nígbà tí wọ́n kọjá níbi jígí tó ń mì yẹn, kò sẹ́ni tó rí i nínú wọn. Ìyá ń sọ nǹkan fún bàbá, bàbá ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mú fóònù jáde, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ó sọ fún wọn pé ìdánwò ti parí, pé kí wọ́n jáwọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Wọn ò jáwọ́.