Lẹ́tà Àwọn Ọmọ Bẹyẹrúnká

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi lò kẹ́yìn láyé, ó ń bó ọsàn, ó sì ń bú àwọn ọmọ Bẹyẹrúnká, àdúgbò wa, tó wà lókè òkun. Orí kọ̀ǹpútà ni ẹgbẹ́ wọn ti ń kọ̀wé síra wọn. Ìyàwó mi ló máa ń gba ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Mápó, tí yóò kà á fún àwọn ìyá wọn nílé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti lọ síbi ìtàkurọ̀sọ tuntun lórí fóònù, ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sí i pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí tú ká."

Ìyàwó mi fèsì pé: "Ẹ máa tú lọ! Ta ni yóò máa jíṣẹ́ fún ìyá rẹ?"

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, mo lọ bá ìyá ọmọ tó kọ̀wé náà. Ó ní:

"Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún ọmọ mi pé mi ò tíì kú o!"

Ní ṣọ́ọ̀bù Mápó náà, ìka kan ni mo fi tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ náà.